Lọ́rì Bedford àti Ẹrù Àwọn Ìyá Wa

   

Bí a bá ń ṣe àjọ̀dún báyìí, a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, lọ́wọ́ àwọn alága àti akápò tó ti kọjá, lọ́wọ́ Ọbarò àti àwọn ìjòyè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan wà tí a kì í dárúkọ rẹ̀, bóyá torí pé irin àti pákó ni. Lọ́rì àtijọ́ ni, ìyẹn Bedford tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ènìyàn wa sọ di bọ́lẹ̀kájà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní yunifásítì lónìí ò rí i rí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ọdún yìí.

Wọ́n máa ń sọ pé òyìnbó ló gbé mọ́tò wá, ọkùnrin ló sì ń wà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni mọ́tò náà ń jẹ? Ẹrù obìnrin ló ń jẹ. Owó ẹrù wa ló ra epo sí i, òun ló pa táyà rẹ̀ dà, òun ló san gbèsè rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń bá ìtàn náà lọ.

Kí mọ́tò tó dé

Orí ni ọjà wa kọ́kọ́ gùn. Láti Kabba dé Lọ́kọ́jà, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 80. Ẹni tó ru ẹrù wúwo ò lè rìn ju kìlómítà 25 tàbí 30 lọ lóòjọ́, kó má baà ṣubú lulẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta ni àlọ, ọjọ́ mẹ́ta ni àbọ̀, èèyàn sì máa gbé oúnjẹ tí yóò jẹ lọ́nà mọ́ ọjà tó fẹ́ tà. Ìwọ̀nba ohun tí orí kan lè rù ni èèyàn lè tà.

Ọ̀nà náà ò sì fararọ láyé ìgbà kan. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó ṣáájú 1900, àwọn jagunjagun Núpé láti Bídà ń wọ ilẹ̀ Òwé, Ìyàgbà, Ìjùmú àti Bùnú. Wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń kó èèyàn lẹ́rú. Ní oṣù kìíní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kabba, tí ogun Núpé tó wà níbẹ̀ sì kúrò. Lẹ́yìn náà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀. Ẹ̀rù ogun dínkù lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹrù ọjà ò kúrò lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn rélùwéè, ẹ rántí pé ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Apá ọ̀hún ló gbà kọjá, kò yà sọ́dọ̀ wa. Èyí tó ń lọ láti Itakpe sí Warri, 2020 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò, òun náà ò wọ Kabba. Torí náà, nígbà tí àwọn ìlú mìíràn ní rélùwéè àti mọ́tò, àwa ò ní nǹkan kan lẹ́yìn mọ́tò. Bí mọ́tò ò bá wá, iṣu á jẹrà sóko.

Ibi tí Bedford ti wá

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Luton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń jẹ́ Vauxhall. General Motors ti Amẹ́ríkà rà á ní 1925. Ní 1931 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lọ́rì kan, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Bedford, torí pé Bedfordshire ni orúkọ àgbègbè tí Luton wà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà 6, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ní 1939 wọ́n gbé irú tuntun kan jáde tí wọ́n fún ní lẹ́tà O. Kò pẹ́ tí ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì ṣe nǹkan bíi 250,000 ọkọ̀ fún àwọn ológun.

Nígbà tí ogun parí ní 1945, ọ̀pọ̀ Bedford bẹ̀rẹ̀ sí wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1958 wọ́n tún gbé irú J jáde, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa rántí, tó ní imú gbọọrọ níwájú. Austin wà, Commer wà, Morris wà, ṣùgbọ́n Bedford ló gba igboro. UAC ló ń tà á ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń to àwọn kan pọ̀ ní Àpápá. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ lè san díẹ̀ sílẹ̀, kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá rí i san, wọ́n á wá gbé ọkọ̀ wọn. Torí náà dírẹ́bà tí ẹ rí tó ń kánjú, tó ń kó ẹrù lé ẹrù, gbèsè ló ń lé e.

Orí láti Luton, ara láti ọwọ́ kápẹ́ńtà wa

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nìyí. Bedford tó dé sí èbúté kì í ṣe odindi ọkọ̀. Orí ọkọ̀ ni, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, táyà, àti egungun irin gígùn tí wọ́n ń pè ní ṣásíì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Kápẹ́ńtà tiwa ló máa kan ara rẹ̀.

Kápẹ́ńtà á fi igi líle ṣe ilẹ̀ àti òpó rẹ̀, á fi pákó dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé àyà, á wá bo òkè rẹ̀. Á to bẹ́ǹṣì sínú, láìsí tìmùtìmù. Ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ṣe tapólì tí wọ́n lè tú sílẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹrù ni wọ́n fẹ́ kó, wọ́n á yọ bẹ́ǹṣì kúrò. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ á kan pẹ́ńtà. Òun ló máa kun ún ní pupa, àyìnrín, òfeefèé, tó máa kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú orí rẹ̀: àdúrà, òwe, tàbí ọ̀rọ̀ tí olówó ọkọ̀ fẹ́ fi dá ọ̀tá lóhùn. Àwọn tí kò mọ̀wé kà pàápàá mọ ọkọ̀ nípa àwọ̀ rẹ̀ àti nípa fèrè rẹ̀.

Ẹ wò ó, ọkọ̀ yìí jẹ́ ti òyìnbó láti iwájú, ó jẹ́ tiwa láti àárín lọ sẹ́yìn. Ní Luton wọ́n mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń di apẹ̀rẹ̀ ata, kérọ́sìnì, adìyẹ àti abiyamọ sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Àwa la mọ ìyẹn.

Iṣẹ́ ọjọ́ ọjà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ ọjà ni fèrè á ti máa dún. Wọ́n á da iṣu sílẹ̀ jọ, gàrí àti èlùbọ́ nínú àpò, irú nínú apẹ̀rẹ̀, epo pupa nínú garawa, kọfí tí àwọn ará ilé gbẹ̀ẹ́, àti aṣọ tí àwọn obìnrin Bùnú hun. Oníkálukú á so àkísà tàbí okùn tirẹ̀ mọ́ àpò kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà àbọ̀, ọkọ̀ yẹn kan náà ló ń kó iyọ̀, ọṣẹ, kérọ́sìnì, páànù, àti ẹja gbígbẹ láti etí odò Ọya ní Lọ́kọ́jà.

Ẹni tó bá lówó á jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ìyókù á wà lẹ́yìn, orúnkún kan orúnkún. Bí bẹ́ǹṣì bá kún, èèyàn á gun orí ẹrù. Kọ̀ndọ́kítọ̀ á rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, pẹ̀lú igi tí wọ́n ń fi dí táyà lọ́wọ́, kó lè bẹ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá fẹ́ fà sẹ́yìn lórí òkè. Àwọn òkè ilẹ̀ wa yìí, ẹ mọ̀ wọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, èrò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á wá omi lọ. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, àwọn tó sanwó náà ló máa tì í.

Níbi owó ẹrù ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n. Kọ̀ndọ́kítọ̀ á kàn fi ojú wo àpò, á ní ṣílè kan. Ìyá á ní sísì ni. “Bọ́ sílẹ̀ ká jà!” Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára: bọ́lẹ̀kájà. Àwọn ará Ghana ń pe tiwọn ní tro-tro, torí pé owó tọ́rọ́ ni wọ́n ń san láti wọ̀ ọ́ láyé àtijọ́. Nínú orúkọ méjèèjì, ọ̀rọ̀ owó ló wà níbẹ̀, torí pé ẹni tó ń wọkọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Ewu wà níbẹ̀ o, a ò gbọ́dọ̀ fi bò. Pákó kì í gba ènìyàn bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ẹrù tó pọ̀ jù a máa pa bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ẹbí nílẹ̀ yìí ló ní ẹni tó jáde lọ sọ́jà tí kò padà wálé. Àwọn náà wà lára iye tí ọjà yìí ná wa.

Ta ló ni ọkọ̀?

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mammy wagon ni wọ́n ń pe ọkọ̀ yìí káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn ni pé ọkọ̀ àwọn ìyá. Àwọn òyìnbó pàápàá rí i pé àwọn ìyá ọlọ́jà ló ń kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwé àkọsílẹ̀, orúkọ olówó ọkọ̀ ló wà níbẹ̀, orúkọ ìyá tó ń wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún ò sí.

Ẹ má rò pé obìnrin ò ní mọ́tò rí o. Ní Èkó, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Bedford, obìnrin kan tí ń jẹ́ Charlotte Olajumoke Obasa ti dá ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀, tó pè ní Anfani. Ọmọ oníṣòwò ńlá nì, R. B. Blaize, ni, ìyàwó Dókítà Orisadipe Obasa sì ni. Nǹkan bíi 1913 ni èyí. Ọdún 1929 ni ọkùnrin Gíríìkì kan, J. N. Zarpas, tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì tirẹ̀ ní Èkó, èyí tí ìjọba ìlú Èkó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1958. Àwọn tó mọ Zarpas pọ̀ ju àwọn tó mọ Anfani lọ. Ṣé ẹ rí bí orúkọ obìnrin ṣe máa ń sọnù?

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìyá tí kò lè ra ọkọ̀ ní ọgbọ́n mìíràn. Àwọn mẹ́ta, mẹ́rin á da owó pọ̀, wọ́n á gba odindi ọkọ̀, wọ́n á bá dírẹ́bà dúnàádúrà lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ò ní lè máa fi ojú wọn àpò mọ́. Ẹ̀mí yìí kan náà ló wà nínú àjọ àti èésú, òun náà ló sì wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí òfin ìjọba fi ọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti 1935. Òfin bá ọgbọ́n náà nílẹ̀ ni.

Ọdún tí a yí ọwọ́ ọ̀nà padà

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún. Ó yẹ ká lóye ohun tí èyí ṣe sí ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà nílẹ̀ wọn. Torí náà apá ọ̀tún ni dírẹ́bà ń jókòó, apá òsì ni èrò ń gbà wọlé, létí ọ̀nà. Ẹ wo bọ́ọ̀sì pupa onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn ọmọ wa ń rí nínú fọ́tò, èyí tí wọ́n ń pè ní Routemaster. Láàárín 1954 sí 1968 wọ́n ṣe 2,876 nínú rẹ̀. Èrò 64 ló ń jókòó nínú èyí tó wọ́pọ̀, 36 lókè, 28 nísàlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lẹ́yìn lápá òsì, kò ní ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni kọ̀ndọ́kítọ̀ ń dúró sí. Bí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sójú ọ̀nà wa lẹ́yìn 1972, àárín títì ni èrò máa bọ́ sí, kí ọkọ̀ mìíràn wá gbá a.

Ṣùgbọ́n bọ́lẹ̀kájà? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn ni èrò ti ń gùn ún. Ara tí kápẹ́ńtà wa kàn sí i ò ní ọwọ́ òsì, kò ní ọwọ́ ọ̀tún. Ìṣòro dírẹ́bà nìkan ló kù, torí pé ó jókòó sí etí ọ̀nà. Bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, ọmọ ọkọ̀ ní láti bá a yọjú wo iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Bedford àtijọ́ ṣe ń bá iṣẹ́ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1973, owó náà yí padà, ṣílè di náírà àti kọ́bọ̀, ìjà owó ẹrù sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun.

Bí Bedford ṣe lọ

Owó epo rọ̀bì ló lé e. Láàárín àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ Jámánì àti ti Japan pọ̀ lọ́jà. Mercedes 911 gba iṣẹ́ ẹrù wíwúwo, òun náà ni wọ́n kan ara lé lórí ní Èkó tó di mọ́lúè. Ilé-iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu wá ń to Mercedes láti 1980. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, General Motors ta iṣẹ́ lọ́rì Bedford ní 1987 fún àwọn kan tí ń jẹ́ AWD, àwọn náà sì wọ gbèsè ní 1992.

Níbí, kò kú lọ́jọ́ kan. Mẹkáníìkì á tú ẹ̀yà ara èyí tó ti kú, á fi wo èyí tó ṣì ń mí. Nígbà tí kò sí èyí tó ń mí mọ́, pákó rẹ̀ di igi ìdáná. Sípíríìnì abẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó di ọkọ́ àti àdá.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá 2005 ni Routemaster ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ kẹ́yìn, lójú ọ̀nà 159. Èrò jáde wá dágbére fún un bí ẹni ń sìnkú àgbà. Ó wà ní mùsíọ̀mù títí di òní. Àwọn èèyàn ra àwọn mìíràn, wọ́n ń fi wọ́n gbé ìyàwó. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wọn, wọ́n mọ iyì rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹnu àwọn àgbà nìkan ni bọ́lẹ̀kájà kù sí, àgbà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó kàn wá

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lọ́jọ́ díẹ̀, líta kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦480. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ọjà ò wọ́n lóko, ojú ọ̀nà ló ti ń wọ́n. A ṣì wà níbi tí àwọn ìyá wa wà: ẹrù wa ló ń bọ́ ọkọ̀, ẹlòmíràn ló ń dá iye lé e.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ fi bẹ ẹgbẹ́ lọ́dún yìí.

Èkíní, kí á ní ìwé kan tí a ó máa kọ owó ọkọ̀ sí: ọjọ́, ibi tí ẹrù lọ, iye àpò, iye tí a san. Ẹni tí kò mọ iye tó san lọ́dún tó kọjá ò lè dúnàádúrà lọ́dún yìí.

Èkejì, kí á padà sí ọgbọ́n àwọn ìyá wa, kí àwọn tí ọjà wọn ń lọ sí ibì kan náà máa gba ọkọ̀ pọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́. Bí a bá ti ṣe é fún ìgbà díẹ̀, tí ìwé wa sì fi hàn pé ó mú èrè wá, ìgbà náà la lè bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ríra ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́ jókòó ti àwọn ìyá àgbà, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ọkọ̀ wo ni wọ́n wọ̀, kí ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀, èló ni wọ́n san lórí àpò gàrí, ta ló wà níjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ dáadáa. Luton ní ìwé tó sọ iye Bedford tó ṣe. Kò sí ìwé tó sọ orúkọ àwọn tó bọ́ ọ, àfi tí a bá kọ ọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí. Á pa wá mọ́ lójú ọ̀nà, á jẹ́ kí á tà, kí á jèrè, kí á sì padà wálé láyọ̀.